Ìyẹ̀fun Tó Gun Ẹ̀yìn Ọlọ́kadà

Ẹ wá ibì kan jókòó sí. Ẹni tí kò bá rí àpótí kó lọ fa bẹ́ńṣì ọ̀dọ̀ télọ̀ wá, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má jókòó sórí odó o, torí Ìyá Àgbà ò tíì sùn, ojú wọn sì ń bẹ lójú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ dónọ́ọ̀tì Ìyá Ìbejì ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ̀rín ti ń pa mí kí n tó la ẹnu.

Ìyá Ìbejì wo? Ìbéèrè tó yẹ ni. Ní Igbó-Ọrà wa yìí, téèyàn bá dúró ní Pákò tó kígbe pe Ìyá Ìbejì lẹ́ẹ̀kan péré, àwọn tó máa dá a lóhùn á tó dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀. Dókítà Nylander tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn láyé ọjọ́un ti ṣe ìwádìí wa, ó sì rí i pé nínú 1,000 ìbí lágbègbè wa, ìbejì ń tó bíi 45 sí 50, nígbà tí tàwọn òyìnbó ò ju nǹkan bíi 12 lọ. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń wá wo ẹnu wa, tí wọ́n ń bi wá lóhun tá à ń jẹ, táwa náà ń fi àmàlà àti ọbẹ̀ ilasa dá wọn lóhùn. Láti 2018 la sì ti ń ṣe àjọ̀dún ìbejì, tí ẹni méjì-méjì á wọ aṣọ kan náà kún ìta, tójú á máa ṣe àlejò bàìbàì. Télọ̀ wa ló ń jèrè ibẹ̀ jù. Ẹ̀wù ẹyọ kan ò sí lọ́dọ̀ ìyá ìbejì, méjì ni, ìkan ò sì gbọdọ̀ fi ìbú ìka ju ìkejì lọ. Ọmọ tí tiẹ̀ bá kúrú díẹ̀ á fi ẹkún sọ ọ́ títí àjọ̀dún mìíràn á fi dé.

Ó dáa, tiwa ni èyí tó ń gbé yàrá tó kọjú sí kànga, ìyàwó Bàbá Ìbejì tó ń wa mọ́tò lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin náà ẹ mọ Bàbá Ìbejì. Ẹ kí i pé ẹ kú ìrìn, ihò ojú títì ni yóò fi dá yín lóhùn, á máa kà wọ́n fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó wà lẹ́yìn afárá ti fẹ̀ sí i, èyí tó wà níwájú ilé epo ti bí ọmọ. Ìyàwó rẹ̀ kì í ráyè gbọ́. Obìnrin dáadáa ni, ọlọ́yàyà, àléébù kan ṣoṣo ló ní: kò mọ irọ́ pa. Tó bá ti fẹ́ purọ́ báyìí, irọ́ wẹ́rẹ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, ó di dandan kó kọ́kọ́ tú ìró rẹ̀. Á dìde, á tú u, á tún un ró, á wá sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé ló ti mọ̀ ọ́n. Tó bá ní òun ò mọ ẹni tó bu omi inú àmù Ìyá Àgbà, a kì í wo ẹnu rẹ̀, ìdí ìró là ń wò.

Bí ọ̀rọ̀ dónọ́ọ̀tì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà ní Houston fi fídíò kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Nínú fídíò náà, àbúrò mú agolo kan jáde látinú fíríìjì, ó gbá a mọ́ etí tábìlì, agolo bú gbàù, ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò sílẹ̀ sì ń yọ orí jáde. Ó pín in, ó fi ìdérí ìgò dá ihò sí àárín, ó jù ú sínú òróró. Kí orin kan tó parí, dónọ́ọ̀tì ti délẹ̀. Ìyá Ìbejì gbé fóònù káàkiri ilé, ó fi han gbogbo wa, ó fi han ewúrẹ́ pàápàá. Télọ̀ wa, ẹni tó máa ń ka gbogbo nǹkan lórí fóònù nígbà tí áyọ́ọ̀nù bá wà lórí aṣọ oníbàárà (ẹ bi mí nípa léèsì mi lọ́jọ́ mìíràn), sọ fún wa pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lively Willoughby, ará Louisville ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ló gba ìwé àṣẹ lórí ìyẹ̀fun inú agolo yẹn ní 1931. Ìyá Àgbà ní kí ló dé tó fi ń bú gbàù, ṣé ọ̀tá ló ń dọdẹ ni?

Agolo wo lèèyàn fẹ́ rí ní Igbó-Ọrà? Ìyá Ìbejì ronú, ó sun orí ẹ̀ kan, ó wá rántí pé a ní bekirì. Ṣé àwọn bekirì kì í po ìyẹ̀fun lóru ni? Ó jí dé ibẹ̀, ó ní kí wọ́n má tíì yan tòun, kí wọ́n gé e fún òun ní tútù. Àwọn ọmọ bekirì kọ́kọ́ wò ó tìyanu-tìyanu, àmọ́ owó ò ní ọ̀tá, wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n dì í sínú ọ̀rá fún un. Bó ṣe di onídónọ́ọ̀tì nìyẹn o. Ó ra ṣóògíláàsì kékeré, ó gbé e síwájú ilé, àwọn ọmọ iléèwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà.

Ibi tó ti ṣe àṣejù ni pé kò sọ fún wa pé ọ̀dọ̀ bekirì ló ti ń ra ìyẹ̀fun. A bi í pé, "Ìyá Ìbejì, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tó fi ń rọ̀ báyìí?" Ó dìde, ó tú ìró. "Láti aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi pò ó." A ní háà, ẹ kú iṣẹ́. Ó tún un ró. "Apá mi ń dùn mí gan-an ni."

Àwa náà kúkú ní ojú. Ẹni tó ń po fùláwà láti aago mẹ́rin, báwo ni a kì í ti í rí àpò fùláwà? Báwo ni ewúrẹ́ wa kì í ti í fi ẹnu funfun kí èèyàn? Ìyàwó onílé sọ pé òun ti wo èékánná ẹ̀ dáadáa, kò sí ìyẹ̀fun níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n a ò sọ̀rọ̀. Dónọ́ọ̀tì yẹn ń dùn, ó sì máa ń fún ará ilé ní èènì. Ta ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ba èènì jẹ́?

Ọlọ́run ló mú ọlọ́kadà wá tú àṣírí.

Ẹ mọ ọlọ́kadà tí mò ń wí, ọmọ Arsenal, èyí tí kì í bọ́ ẹ̀wù Arsenal yẹn lọ́rùn bí wọ́n jẹ bí wọn ò jẹ. Lọ́jọ́ náà bekirì ò ráyè ṣiṣẹ́ lásìkò, wọ́n ní kí Ìyá Ìbejì padà wá lọ́sàn-án. Àwọn ìbejì ní ìpàdé òbí nílé ìwé, ló bá rán ọlọ́kadà. Ó kì í nílọ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró níbì kankan o." Ọlọ́kadà ní mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó so ọ̀rá ìyẹ̀fun mọ́ àga ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó gbéra. Ó dé Ìdòfin, ó rí àwọn tó ń jiyàn bọ́ọ̀lù lábẹ́ igi. Ẹ gbà mí, ṣé ẹni tó wọ ẹ̀wù Arsenal lè kọjá níbi tí wọ́n ti ń bú Arsenal?

Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ Ìbàràpá sì rèé, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Yíìsì tó wà nínú ìyẹ̀fun ń jẹ ṣúgà, bó ṣe ń jẹ ló ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mú ìyẹ̀fun wú. Nínú fíríìjì, òtútù á mú yíìsì jẹ́jẹ́. Nínú ọ̀rá dúdú, lójú oòrùn ọ̀sán, pẹ̀lú ooru ẹ́ńjìnnì lábẹ́, kí lẹ rò pé yóò ṣe? Ó ń jẹ, ó ń mí, ó ń wú. Ọlọ́kadà ń ṣàlàyé fún wọn pé rẹfirí ló ṣe ojúsàájú. Ìyẹ̀fun ń wú. Ó ń ṣàlàyé pé tí kì í bá ṣe ti pẹ́nárítì yẹn. Ọ̀rá ti ń fà. Nígbà tó fi máa gun ọ̀kadà padà, ọ̀rá ti ya létí kan, kò sì wẹ̀yìn.

Ó ń lọ lọ́nà, ló bá rí i pé nǹkan kan tó rọ̀, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ti fara ti òun lẹ́yìn. Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́ fún wa: ó rò pé èrò kan ló gun ọ̀kadà níbi tóun ti dẹ ọwọ́ ní gáálọ́ọ̀pù. Ló bá sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀." Mọ̀mí ò sún. Ó tún sọ ọ́. Mọ̀mí tún fara mọ́ ọn sí i. Ẹ̀rù bà á, kò fẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó ń sáré bọ̀ nílé pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu.

Gbogbo wa wà lábẹ́ máńgòrò nígbà tó já wọ àgbàlá. Ó bọ́ sílẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí wa, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀. Ó pọn ìyẹ̀fun bí ọmọ oṣù mẹ́ta. Ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù Arsenal láti ìdí dé èjìká, orí ẹ̀ ń yọ lápá òsì. Ìyá Àgbà tí ojú wọn ò ríran jìnnà mọ́ dìde lórí ẹní, wọ́n ní, "Ẹ kú ewu o! Ta ló bímọ?"

Ọlọ́kadà ò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó lọgun: "Ìyá Ìbejì! Ẹ jáde wá gba ìyẹ̀fun bekirì tẹ́ ẹ rán mi o, ó fẹ́ bá mi lọ sílé!"

Ìyẹ̀fun bekirì. Lójú gbogbo ayé. Ìyá Ìbejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìpàdé dé yọ lójú ilẹ̀kùn. Ó wo ọlọ́kadà, ó wò wá. Ó gbé ọwọ́ lé ìró. Gbogbo wa dákẹ́, à ń wo ìdí ìró. Ó tú u. Ó ní, "Ìyẹ̀fun wo..." Kò lè parí ẹ̀. Ẹ̀rín ló pa á títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tìró-tìró, àwa náà dà lé e.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, kí ló ń fi pa mọ́ tẹ́lẹ̀? Ta ló tún ń lọ ata lórí ọlọ nínú wa? Gbogbo wa là ń gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, a sì ń pe ọbẹ̀ ní ọbẹ̀ wa. Búrẹ́dì fúnra ẹ̀, ta ló fọwọ́ pò ó dé ọ̀dọ̀ wa? Ọmọ Jàmáíkà kan wà, Amos Shackleford lorúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rélùwéè ló gbé e wá sí Nàìjíríà ní 1913. Ní 1921 ló dá bekirì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Òun làwọn èèyàn ń pè ní ọba búrẹ́dì, irú búrẹ́dì rẹ̀ yẹn ló sì padà di búrẹ́dì Agége tá à ń rẹ sínú tíì. Irin róbótó méjì ni wọ́n ń fi tẹ ìyẹ̀fun ọ̀hún, wọ́n á kì í bọ àárín, á jáde, wọ́n á ká a, wọ́n á tún kì í bọ̀ ọ́, títí yóò fi máa dán, tí yóò sì máa fà láìjá. Apá obìnrin wo ló fẹ́ bá irin díje? Àní mo rò pé ohun tó mú dónọ́ọ̀tì Ìyá Ìbejì rọ̀ ju ti gbogbo ọjà lọ nìyẹn.

Bí àṣírí ṣe tú ló jẹ́ ká wọ ìdáná rẹ̀. Ó pè wá wọlé, ó ní kò sí ohun tí òun tún fẹ́ bò. Ẹ wò ó, kò le rárá. Ìyẹ̀fun búrẹ́dì ò ní bọ́tà tó ti dónọ́ọ̀tì, nítorí náà ó máa ń fi bọ́tà díẹ̀, mílíìkì oníyẹ̀fun àti nọ́tímẹ̀gì tó rin kún un, á fi ọwọ́ gún un pọ̀ wẹ́rẹ́, á sì bò ó mọ́lẹ̀ kó sinmi. Ti ọjọ́ ọlọ́kadà ti wú kọjá àlà, ó ti ń rùn bí ẹni mu ẹmu. Ó gbá afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, ó ní ká yára. (Èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù, adìẹ ló jẹ ẹ́. Ẹ̀wù náà, ìyàwó onílé fẹ́ da omi gbígbóná sí i, Ìyá Àgbà ní rárá o, á di àtè, omi tútù ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ.)

Kò ní igi ìtẹ̀yẹ̀fun. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò tó fọ̀ mọ́ ló fi ń yí i, tó fi tẹ́ nípọn tó ìbú ìka. Ife onírin ló fi ń gé e róbótó, ìdérí ìgò omi ló fi ń yọ àárín. Mo rẹ́rìn-ín sí ìgò náà. Ló bá dá mi lóhùn pé ṣé mo ti gbàgbé Dókítà Awójọbí ní Èrúwà ni, ẹni tó fi àgbá ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn rẹ̀. Ẹnu mi pa dé. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọkùnrin tó lè dúró sí Ìbàdàn tàbí kó lọ òkè òkun, ó wá sí Èrúwà ní 1983, ibẹ̀ ló wà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún wa, tó ń fi ohun tó bá wà nílẹ̀ ṣe ohun tí kò sí, títí ó fi kú ní 2015. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ìpá ẹ̀... ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀, ó ń bọ̀ níbí lọ́jọ́ Ẹtì.

Níbo la dé? Ihò. Tó bá gé e tán, á tẹ́ wọn sórí páànù tó ti wọ́n fùláwà sí, á tún dúró kí wọ́n wú díẹ̀. Ibí yìí ni sùúrù wà, ìyẹ̀fun tí wọ́n bá ti pò fún èèyàn ò bá a dúró. Ẹni tó bá kánjú dà á sínú òróró, òkúta ló dín. Òróró náà, á gé ìyẹ̀fun bíńtín jù sí i. Tó bá rì tí kò gòkè, kò tíì gbóná, dónọ́ọ̀tì á mu òróró yó. Tó bá dúdú lójú ẹsẹ̀, iná ti pọ̀ jù, ẹ̀yìn á jó, inú á sì máa lẹ̀ mọ́ eyín. Tó bá rì tó tún léfòó wúyẹ́, tó ń hó wéréwéré, ó tó. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń yí i padà. Èyí tó bá wú dáadáa á ní ọ̀já funfun yí ìdí ká níbi tí òróró ò dé, ìyẹn ni Ìyá Ìbejì ń wò kó tó máa gbéra ga. Ṣúgà ló ń fi pa á lára nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìyá Àgbà nìkan ni kò gbà. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n yí i po, wọ́n fi ojú wò wá gba àárín ẹ̀. "Oúnjẹ tó ní ihò, ta ló jẹ ibi tó kù?" Wọ́n ní ẹ̀wà ni ìbejì ń jẹ, ẹ̀wà àti àádùn àti ìrèké, wọn ò gbọ́ ọ rí pé ẹnì kan fi ihò bọ ìbejì. Wọ́n tún ní ẹ̀gẹ́ kún oko láti ibí dé Ayétẹ̀ dé Tápà, kí la fẹ́ fi fùláwà òyìnbó ṣe? Télọ̀ gbà á lẹ́nu wọn, ó ní ìjọba Ọbásanjọ́ gan-an ti pàṣẹ nígbà kan pé kí wọ́n máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ 10 nínú 100 kún fùláwà búrẹ́dì. Ó pẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀ náà, áyọ́ọ̀nù sì wà lórí aṣọ. Ìyá Ìbejì ní òun gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ò ní ohun tó ń mú fùláwà fà, tó bá ti pọ̀ jù, ìyẹ̀fun ò ní lè gba afẹ́fẹ́ dúró. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n má tan òun, ìyẹ̀fun tó bá ti ń gun ẹ̀yìn ọkùnrin, fífà ẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ìbejì ṣá ń jẹ dónọ́ọ̀tì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, dọ́gba-dọ́gba. Ìyá wọn máa ń fi wọ́n léra kí Táyé tó mú, kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. Ìdòwú ló wá fara ya. Ẹ̀yin náà ẹ mọ àwọn Ìdòwú. Ó dúró lẹ́nu ìdáná, ó ní èwo ni tòun. Ìyá rẹ̀ wo páànù, ó rí àwọn róbótó kéékèèké tó yọ láàárín, ló bá dín wọn, ó dà wọ́n lé e lọ́wọ́: "Tìẹ nìyí." Télọ̀ ní awakọ̀ òkun ará Amẹ́ríkà kan, Hanson Gregory, sọ pé òun lòun kọ́kọ́ dá ihò náà sí i ní 1847 torí pé àárín kì í jinná. Mi ò mọ̀ bóyá Hanson Gregory ní Ìdòwú nílé. Ọmọ yìí gba ohun tó jáde látinú ihò, ó sọ wọ́n di ọjà. Ó ń tà wọ́n fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, ó ti ra bọ́ọ̀lù. Àwọn ìbejì sì ń sunkún pé àwọn ò fẹ́ dónọ́ọ̀tì mọ́, ihò làwọn fẹ́.

Ní báyìí o, ẹ sún mọ́ mi, kí Bàbá Ìbejì má gbọ́. Ẹ ò rí i pé láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Ìyá Ìbejì kì í fẹ́ gbóòórùn yíìsì mọ́? Ó ń tutọ́. Ìyá Àgbà ti ń wò ó láti ojú fèrèsé, wọ́n ti ń ka oṣù lórí ìka. Ìyàwó onílé bi í, ó dìde, ó tú ìró, ó ní ibà ni. Ìyá Àgbà ní Àlàbá ń bọ̀. Mo ní, Màámi, Igbó-Ọrà nìyí o, bó bá tún jẹ́ ìbejì ń kọ́?

A ò mọ̀ pé Ìdòwú ń gbọ́. Ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó ṣírò ó lójú wa, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Ó lọ bá bàbá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ bá mi sọ fún màámi pé kí wọ́n máa dá ihò méjì-méjì sí i o, tèmi ò ní í tó wa."

Bàbá Ìbejì kò tilẹ̀ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Tó bá jẹ́ ihò lò ń wá, tètè sùn, wàá bá mi lọ lọ́la. Èyí tó wà níwájú ilé epo nìkan á tó yín jẹ."